Ẹní Mi Tí Ó Wà Lórí Àjà Baálẹ̀

Àlàbí, ọmọ mi àtàtà,

Tákàdá rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ìyá Ràbí tí ń ta òwú ni ó mú un wá láti Alágbọn. Ó dì í mọ́ inú ìborùn rẹ̀ kí òjò má baà pa á, ó sì jókòó tì mí títí mo fi kà á tán, nítorí ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé o ní kí n kí i. O kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú obìnrin náà dùn, ó sì fún mi ní orógbó kan. Irọ́ kékeré nìyẹn. Ti ńlá ń bọ̀ níwájú, màá sì sọ ọ́ fún ọ bí ó ti rí.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Láti àárọ̀ ni ó ti ń kí ọ, ó sì ń bi mí bóyá mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ara rẹ̀ le, ẹsẹ̀ tí ń dùn ún ti sàn. Iṣu wa ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ dúdú nì sì ti bí méjì. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé.

O ní wọ́n ti gbé ẹní lé ọ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó gbà á gbọ́. Ọmọ tèmi ni yóò máa jókòó nínú àkòdì baálẹ̀ Alágbọn gẹ́gẹ́ bí alágbàwí, tí àwọn tí wọn kò mọ ọ̀rọ̀ sọ yóò máa wá bá pé kí ó bá àwọn rojọ́. Mo dúpẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹní náà pẹ́ lábẹ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́, Àlàbí. Owú jẹ mí kí inú mi tó dùn. Mo ka iye ìgbà tí o dárúkọ Ògúndìran, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, nínú tákàdá náà, ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bàbá Ògúndìran ni ó dúró fún ọ níwájú àwọn àgbà. Bàbá Ògúndìran ní kí o máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Ògúndìran ní o ṣe é dáadáa. Bàbá Ògúndìran báyìí, Bàbá Ògúndìran bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bí ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni o dárúkọ mi kí o tó bẹ̀ mí níṣẹ́, níbi tí o ti béèrè bóyá àyà ṣì ń dùn mí. Mo ti wá di ẹni tí wọ́n ń béèrè àyà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí o ti ní ẹjọ́ Adéọtí ni àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbé fún ọ, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún òní, àti pé kò sí ẹni tí ó mọ ẹjọ́ náà bíi tèmi. O ní kí n jọ̀wọ́ kọ ọ̀rọ̀ tí ìwọ yóò sọ ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ yóò há a sórí. Kí n má purọ́, ara mi yá gágá. Bí ilẹ̀ ti mọ́ lónìí, mo fà tákàdá yọ, mo kọ ọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta kún. Ó dùn ju oyin lọ. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi láti ẹnu rẹ. Mo ń rí Ògúndìran tí ó ń wò ọ́, tí ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ibo ni ọmọ yìí ti rí ọ̀rọ̀ báyìí, tí òun kò kọ́ ọ. Ojú ìwé mẹ́ta náà ni mo fi orúnkún tẹ̀ mọ́lẹ̀ níhìn-ín bí mo ti ń kọ èyí.

Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí wọn, fara balẹ̀ gbọ́ bí ẹní mi ti ṣe dé orí àjà baálẹ̀. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. O kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí o ti ní ẹní tìrẹ, n kò lè dákẹ́ mọ́.

O mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹní ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni tí yóò rojọ́ fún ẹlòmíràn, ọwọ́ baálẹ̀ ni yóò ti gba ẹní tí yóò jókòó lé, wọn yóò sì ti fi osùn kun etí ẹní náà. Kí ó tó la ẹnu, wọn yóò bi í léèrè ohun méjì níwájú gbogbo èèyàn: níbo ni ẹní rẹ ti wá, ẹnu ta ni o sì fi ń sọ̀rọ̀? Yóò ní láti ọwọ́ baálẹ̀ ni, àti pé ẹnu ara òun ni òun fi ń sọ̀rọ̀ fún lágbájá. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, wọn yóò ká ẹní rẹ̀, wọn yóò fi okùn dì í, wọn yóò sì gbé e kọ́ sórí àjà àkòdì títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un yóò fi pé. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò gbọdọ̀ rojọ́ fún ẹnikẹ́ni níbikíbi. Ìwọ náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí gbogbo èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé kí o má ṣe ka iye àwọn tí ń lọ sọ́dọ̀ alágbàwí mìíràn. Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èmi nìkan wà lórí ẹní ní Alágbọn, kò sí ẹjọ́ ààlà, kò sí ẹjọ́ ìyàwó, kò sí ti ẹran tó jẹko onílé tí kì í ti ẹnu mi kọjá. Bí mo bá ń lọ sí odò, àwọn èèyàn á máa yà fún mi lọ́nà. Àfi bí Ògúndìran ti dé láti ìhà Ọ̀yọ́ pẹ̀lú aya kan àti agbọ̀n ẹrù kan. Ó kéré sí mi. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. Èmi, bí mo bá ń rojọ́, àwọn tó wà lóko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń gbọ́ mi. Òun, ńṣe ni àwọn èèyàn ń na ọrùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ, bí wọ́n bá sì ti na ọrùn báyìí, wọ́n ti di tirẹ̀ nìyẹn. N kò mọ bí ó ti ń ṣe é. Títí di òní n kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan mo ti oko dé, mo bá ìyá rẹ níbi tí ó ti ń sá èlùbọ́. Ó ti lọ wo ẹjọ́ kan láàárọ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọkùnrin yẹn mọ̀rọ̀ sọ o. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún."

Ìyàwó tèmi ni o. Láti ọdún tí mo ti ń rojọ́, kò sunkún nítorí mi rí. Mo kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Ìyá rẹ kò mọ ohun tí òun ṣe, ó rò pé inú ń run mí, ó sì se àgbo fún mi. Mo mu ún, ó korò, n kò sì lè sọ fún un pé kì í ṣe inú ni ó ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà. Bí mo bá jí, mo ń ka ẹsẹ̀ tó lọ sí ojúlé Ògúndìran. Mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́la. Mo mọ iye àlejò rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ìgbà tí Làmídì, tí mo ti bá rojọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbé ẹjọ́ ọ̀pẹ rẹ̀ lọ fún Ògúndìran ni ojú mi wá ṣú pátápátá. Èmi ni ẹnìkejì pè. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni Làmídì ní, ìyá arúgbó kan tó rí ẹni tó gun ọ̀pẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, mo lọ sílé ìyá náà. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì sọ fún un pé bí ó bá la ẹnu, èmi yóò bi í léèrè ohun tí òun náà ń ṣe nínú oko olóko láàárọ̀ kùtù. Ó ń wá igi ìdáná ni, mo sì mọ̀. Ẹ̀rù bà á, kò wá. Mo borí Ògúndìran lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ sì gún iyán fún mi. N kò jẹ iyán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá arúgbó náà fi sọ ohun gbogbo fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà pè mí, wọ́n bi mí, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ká ẹní mi, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn iṣu tuntun ẹlẹ́ẹ̀kejì kí n tó gbà á padà. Mo wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbé e gun orí àjà. Ògúndìran jókòó níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín, ìbá sàn fún mi.

Ohun kejì: bí wọ́n bá ká ẹní rẹ lọ́jọ́ kan, máa lọ sí oko rẹ. Mo ní bí wọ́n bá ká a, nítorí èèyàn ni ọ́, o sì jọ mí ní imú. Ọdún méjì kì í ṣe ayérayé. Kí n gbin iṣu lẹ́ẹ̀kan, kí n wà á, kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán. Àwọn àgbà kò sọ pé kí n kú. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọkọ́ lọ́wọ́, ohun tí mo ń rò ni pé ta ni Ògúndìran ń bá rojọ́ báyìí, kí ni ó ń sọ, àwọn wo ló ń na ọrùn sí i. Ebè tí mo kọ lọ́dún náà, ewúrẹ́ yóò fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí pé nígbà tí iṣu tuntun kejì yóò bá fi dé, kò ní sí ẹnikẹ́ni ní Alágbọn tí yóò rántí pé mo ní ẹnu rí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Adéọtí wá bá mi láti Ìdí-Arère.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún un pé kí ó máa fi tọ́ àwọn ọmọ, Sàlàkọ́ tí oko tirẹ̀ bá a pààlà sì ti hú pèrègún tó wà ní ààlà, ó gbìn wọ́n jìnnà sínú oko opó náà. Ó ti jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́ta oko náà. Adéọtí ti gbọ́ òkìkí mi nígbà kan, kò gbọ́ pé wọ́n ti ká ẹní mi. Ọ̀dọ̀ mi ni ó wá, Àlàbí. Kò wá sọ́dọ̀ Ògúndìran. Ó ti kọjá lójúlé Ògúndìran kí ó tó dé ilé mi. Bí o bá mọ bí ìyẹn ti rí lára mi, ìwọ yóò mọ ìdí tí n kò fi lè sọ fún un pé kó padà lọ.

Mo bá a rìn yí oko náà ká. Lẹ́bàá àpáta pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá èlùbọ́ lé, mo rí ihò mẹ́ta tó tò léra wọn, tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ tuntun dí, gbòǹgbò pèrègún sì ṣì wà nínú wọn. Mo fi ọwọ́ ara mi hú ọ̀kan. Ẹjọ́ náà dájú bí ọ̀sán. Alágbàwí yòówù ni ìbá bá a rò ó tí ìbá jàre, Ògúndìran pàápàá.

Ẹní ni n kò ní. Mo lọ ra tuntun lọ́jà Ẹgbẹ́dá, mo lọ osùn, mo fi kun etí rẹ̀ bí baálẹ̀ ti ń ṣe, mo sì gbé e sá sínú oòrùn lẹ́yìn ilé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé oko ni mo ń lọ. Aṣọ funfun ni mo wọ̀. Ìdí-Arère kò jìnnà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó ń lọ ní Alágbọn lójoojúmọ́. Nígbà tí mo tẹ́ ẹní náà, àgbà ibẹ̀ kan bi mí níbo ni ẹní mi ti wá. Mo dá a lóhùn pé, "Láti ọwọ́ baálẹ̀ Alágbọn ni. Wọ́n ká a nígbà kan, wọ́n sì ti dá a padà fún mi."

O rí i bí mo ti ṣe é. Mo fi òtítọ́ díẹ̀ lu irọ́ náà kí ó lè dùn ún gbọ́. Wọ́n ní ó dára, wọ́n ní kí n máa wí. Mo wí. Mi ò tíì rojọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rọra sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì na ọrùn. Ọ̀nà Ògúndìran ni mo gbà sọ ọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Adéọtí jàre, wọ́n ní kí Sàlàkọ́ dá pèrègún padà sí ààyè rẹ̀.

Mo dìde láti dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Osùn tó ti pẹ́ lára ẹní kì í ràn mọ́ aṣọ. Tèmi kò tíì pé ọjọ́ méjì. Gbogbo ìdí aṣọ funfun mi ti pọ́n. Èmi kò mọ̀, mo sì ń yan kiri láàárín àwọn èèyàn bí ọkọ ìyàwó. Sàlàkọ́ ló rí i. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà, ó di Alágbọn, ó wọ àkòdì, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti dá ẹní èmi Àkànní padà fún mi. Wọ́n ní kó wo òkè. Ó wòkè, ó sì rí ẹní mi níbẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀.

Ohun kẹta nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìwọ kọ́ ni irọ́ rẹ yóò kọ́kọ́ ṣubú lù.

Wọ́n pè mí, àwọn àgbà Alágbọn àti ti Ìdí-Arère pọ̀. Wọn kò lù mí, wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n tún tẹ́ ẹní tuntun náà sílẹ̀, kí n jókòó lé e, kí n dìde, kí n yí ẹ̀yìn mi sí àwọn èèyàn. Mo ṣe é. Wọ́n ní kí n fi ẹnu ara mi sọ fún gbogbo Ìdí-Arère pé n kò ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé n kò ní in. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní ẹní mi yóò wà lórí àjà láìdá ọjọ́, n kò sì gbọdọ̀ rojọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà ṣe láti ẹnu ẹlòmíràn. Rántí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí. Màá padà síbẹ̀.

Ìyẹn ni ti èmi. Ti Adéọtí ni pé gbogbo ohun tí mo sọ nítorí rẹ̀ ni wọ́n dà nù, àti èyí tí mo fi ojú ara mi rí lẹ́bàá àpáta. Wọ́n ní bí ẹni pé kò sí ẹni tó rojọ́ fún un ni. Ààlà Sàlàkọ́ dúró síbi tí ó sún un dé. Ọdún kẹjọ rèé kí ó tó tún gbé ẹjọ́ náà wá sí Alágbọn.

Mo pàdé obìnrin náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ru igi. Mo fẹ́ yà sínú igbó. Ó ti rí mi. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan. Ó wá ní, "Bàbá Àlàbí, ká ní ẹ sọ fún mi ni. Ǹ bá dúró dè yín."

Kò bínú sọ ọ́. Ó gbé igi rẹ̀, ó lọ. Ọdún kan àti ààbọ̀ péré ni ó kù fún mi nígbà tí ó kọ́kọ́ wá bá mi. Ó ní òun ìbá dúró dè mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a kó wá sí abúlé kékeré yìí. Ìwọ ní o kò bá wa kó, o ní o fẹ́ dúró kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ògúndìran. Mo ní ó dára. Kò dára, Àlàbí. Mo jókòó sẹ́yìn àká, mo sì fi ọwọ́ lérán títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ìgbà tí wọ́n ti pa mí lẹ́nu mọ́ ni mo lọ bá olùkọ́ ìjọ tó ń kọ́ni ní ìwé, mo jókòó láàárín àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, mo ń ka a, b, d pẹ̀lú wọn. Mo ní bí n kò bá lè fi ẹnu sọ ọ́, màá fi ọwọ́ kọ ọ́. Mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn àgbà lọ.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí mo fẹ́ sọ kí n má baà gbàgbé. Jẹun kí o tó lọ rojọ́, ebi ń mú ni bínú. Má jẹ obì nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó pè ọ́ bá purọ́ fún ọ, sọ fún un kí o dá ẹjọ́ rẹ̀ padà, má bá a tún irọ́ náà ṣe kó lè dùn. Bí èèyàn bá yìn ọ́, kí i, kí o sì lọ sílé. Bí wọ́n bá sì yin ẹlòmíràn lójú rẹ, má kọ oúnjẹ ìyàwó rẹ.

Ó wá ku ojú ìwé mẹ́ta tó wà lábẹ́ orúnkún mi. Ní ọjọ́ ẹjọ́, wọn yóò bi ọ́ níbo ni ẹní rẹ ti wá, ìwọ yóò sì dáhùn láìsí ìfòyà, nítorí ẹní rẹ mọ́. Wọn yóò wá bi ọ́ ẹnu ta ni o fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní n kò gbọdọ̀ rojọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn; bí mo bá fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, kí ni ìwọ yóò wí? Ìwọ yóò ní ẹnu ara rẹ ni. Ní ọjọ́ kìíní tí o jókòó lórí ẹní, ìwọ yóò ti pa irọ́ tí èmi pa, Ògúndìran yóò sì mọ̀, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ mi bí ó ti mọ ohùn ìyàwó rẹ̀. Wọn yóò ká ẹní rẹ mọ́ tèmi, Adéọtí yóò sì pàdánù oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ ilé wa. Mo mọ gbogbo èyí láàárọ̀ kí n tó mú kálàmù. Mo ṣì kọ ọ́. Owú ni.

Ìyá rẹ ń dáná níwájú ilé. Mo dìde báyìí, mo lọ fi ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ìkòkò rẹ̀. Ó bi mí kí ni ìyẹn, mo ní ìwé tí mo fi àṣìṣe kọ ni. Mo dúró títí wọ́n fi jóná tán, nítorí mo mọ ara mi.

Nítorí náà n kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi ránṣẹ́. Wá ti ara rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni ihò mẹ́ta tí mo rí lẹ́bàá àpáta. Òjò ti dí wọn báyìí, kò sì sí ẹni tó rí wọn àfi èmi, Adéọtí àti ẹni tó gbẹ́ wọn. Alágbàwí tí kò ní ẹ̀tọ́ ni ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dà á nù. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe alágbàwí. Kò sí ẹni tó ní kí n má jẹ́rìí. Láti ọdún mẹ́jọ ni mo ti lè lọ sọ ọ́, n kò sì lọ. Ìwọ mọ ìdí rẹ̀? Orí ilẹ̀ lásán ni ẹlẹ́rìí ń jókòó sí. N kò fẹ́ kí Ògúndìran rí mi lórí ilẹ̀ nígbà tí òun wà lórí ẹní. Nítorí ìyẹn ni obìnrin kan fi ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta oko rẹ̀ bọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́jọ.

Sọ fún àwọn àgbà pé o ní ẹlẹ́rìí kan, kí o sì dárúkọ mi. Sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó purọ́ fún wọn nígbà kan ni, má fi pamọ́. Bí wọ́n bá gbà, màá wá. Màá jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ ẹní mi. Màá kí Ògúndìran kí ó tó kí mi. Bi mí ní ohun tí mo rí, màá dáhùn: ihò mẹ́ta, àpáta pẹrẹsẹ, gbòǹgbò pèrègún lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá ti rí i tí àwọn èèyàn na ọrùn, ahọ́n mi yóò yún mi. Èmi yóò fẹ́ bá ọ ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà èmi yóò fẹ́ bá ọ rò ó, èmi yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́ kí n tó mọ̀. Ọjọ́ náà ni kí o gbàgbé pé èmi ni mo bí ọ. Má wo ojú mi, má wo ojú Ògúndìran, má sì bẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn yóò sọ pé ọmọ pa bàbá rẹ̀ lẹ́nu mọ́ láàárín ìgboro. Bí mo bá fi gbólóhùn kan kọjá ohun tí o bi mí, wí fún mi kí gbogbo wọn gbọ́ pé, "Ẹ dákẹ́, Bàbá."

Màá dákẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànní.